Báwo ni ìwọ́de ṣe ń yí ìpinnu ìjọba padà lórí iná núkílíà?

Ìfẹ̀hónúhàn mẹ̀kúnnù ni ìwọ́de tí àwọn ará ìlú fúnra wọn dá sílẹ̀, láìsí olóṣèlú tó rán wọn níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí èrò bá ti kún títì, ẹ̀rù á ba ìjọba, á sì jáwọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Jámánì.

Lọ́dún 1975, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà sí Wyhl, abúlé kan nítòsí odò Rhine. Ooru átọ́ọ̀mù ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń se omi, kí oru rẹ̀ lè yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Àgbègbè àwọn tó ń gbin àjàrà ni, ohun tó sì ká ọ̀pọ̀ wọn lára ni kùrukùru tí ilé iṣẹ́ náà máa tú jáde, pé yóò gba oòrùn lọ́wọ́ àjàrà. Ní oṣù Kejì, wọ́n lọ dúró síwájú katakata, tọmọdé tobìnrin. Ọlọ́pàá lé wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, bíi 28,000 èèyàn padà wá gba ilẹ̀ náà. Hans Filbinger, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, kìlọ̀ pé bí wọn ò bá kọ́ ọ, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ọdún 1980 tó wọlé. Iná ò kú o.

Ohun tí ìwọ́de yẹn rí rà ni àkókò. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, kóòtù Freiburg sì wọ́gi lé ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní 1977. Kóòtù tó ga jù ú lọ dá àṣẹ náà padà ní 1982, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́: ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí kánjúkánjú. Wọn ò kọ́ ọ títí dòní.

Ìbò ló tẹ̀ lé e. Àwọn ajìjàgbara dá ẹgbẹ́ òṣèlú Die Grünen sílẹ̀ ní 1980. Ní 1998 ẹgbẹ́ náà wọ ìjọba àpapọ̀, òfin láti pa iná núkílíà tì sì jáde ní 2002. Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, tó kàwé físíìsì, fa ọjọ́ tí wọ́n máa pa á tì gùn ní 2010. Jàǹbá ilé iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima ṣẹlẹ̀ ní Japan ní oṣù Kẹta 2011. Nínú oṣù yẹn kan náà, ìbò gbé Die Grünen dórí àlééfà ní ìpínlẹ̀ tí Wyhl wà. Merkel yí ohùn padà. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2023 ni wọ́n pa ilé iṣẹ́ iná núkílíà mẹ́ta tó kù.

Nílẹ̀ Faransé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wọ́de lòdì sí ilé iṣẹ́ iná núkílíà kan ní Malville ní 1977, ẹnì kan tiẹ̀ kú, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà parí. Ní Jámánì nígbà náà, ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, kóòtù sì lè gbà á padà. Ní Faransé, Paris ló ń pinnu, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ibi tí ará abúlé lè dì mú.