Kí ló dé tí káàdì logger fi ṣófo, tí ọjọ́ rẹ̀ sì padà sí ọdún 2000?

Àbúrò kan tí a jọ ń gbé Kúbwà, ní Abuja, ló gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá bá mi. Òun ló ń mójú tó fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìwòsàn kékeré kan. Ẹ̀rọ yìí, tí gbogbo wa ń pè ní logger, ló ń kọ bí inú fíríìjì ṣe tutù sí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, torí àárín dígírì 2 sí 8 ló yẹ kí àwọn abẹ́rẹ́ náà wà. Ó yọ káàdì rẹ̀ kó lè kó àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá sórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì kan péré ló bá níbẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2000. Ẹ̀rù bà á gan-an. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ àti èsì mi sílẹ̀ fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé káàdì yìí ló bàjẹ́? Ṣebí òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà?

Rárá o, àbúrò. Ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ni káàdì, kì í ṣe ẹni tó ń kọ ọ́. Wo wáyà tó wọnú fíríìjì yẹn: ẹnu rẹ̀ ni thermistor, ohun kékeré tó ń mọ bí ooru ṣe tó, wà. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni ìdènà rẹ̀ fún iná mànàmáná ń dín kù, chip tó wà láàárín bọ́ọ̀dù á wá sọ ìdènà yẹn di iye dígírì. Ìgò kékeré tí ẹnu wáyà náà rì sí, tí omi tó ki bí epo wà nínú rẹ̀, má yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ inú fíríìjì á gbóná kíákíá, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ inú ìgò kì í tètè gbóná. Ohun tó ń bá abẹ́rẹ́ là ń fẹ́ wọ̀n.

Aago náà ní chip tirẹ̀. Ègé òkúta quartz kan ló ń gbọ̀n fún un nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí o bá pín iye yẹn sí méjì léraléra nígbà 15, ẹyọ kan ló máa kù, ohun tí wọ́n ṣe yan iye náà nìyẹn. Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032, ló ń bọ́ aago yìí nígbà tí kò bá sí bátìrì ńlá.

Kí ló wá gbé e padà sí ọdún 2000?

O pààrọ̀ bátìrì ńlá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àbí? Nígbà tó o yọ èyí tó ti kú, CR2032 ló yẹ kó di aago mú. Mo ti wọn tìrẹ: tuntun máa ń tó fólítì (volt) 3, tìrẹ ò tó 2. Aago sùn, ó sì jí láìmọ ọjọ́ tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ irú chip bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kìíní ọdún 2000 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkà. Láti ìgbà náà ló ti ń kà dáadáa, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ṣì. Fi èyí sọ́kàn.

Fáìlì tó ṣófo ńkọ́? Mo rí i tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lójoojúmọ́.

Ó ń kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ló wà nínú kíkọ nǹkan sórí káàdì. Àkọ́kọ́ ni kíkó ìlà àkọsílẹ̀ jọ títí á fi kún báìtì 512, kí ó wá lọ sínú káàdì. Èkejì ni kíkọ ọ́ sínú àtẹ ibẹ̀rẹ̀ káàdì pé fáìlì báyìí wà, ibi tó wà rèé, bó ṣe tóbi tó rèé. Àwọn logger kan máa ń ṣe iṣẹ́ kejì lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Irú tìẹ, torí kí bátìrì lè pẹ́, ó di ìgbà tó o bá tẹ bọ́tìnnì ìdádúró kó tó ṣe é. O kò tẹ̀ ẹ́, o kàn fa káàdì yọ. Àkọsílẹ̀ rẹ wà níbẹ̀, àtẹ ló ṣì ń sọ pé òfo ni.

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ lè ṣẹlẹ̀. Káàdì kì í lè pa ẹyọ ìlà kan rẹ́. Odindi agbo ńlá ló ń pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí á sì kó ohun tó ṣì wúlò níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Tó o bá fà á yọ lákòókò yẹn, ohun tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá pàápàá lè bá a lọ. Nítorí náà, tẹ bọ́tìnnì, dúró kí iná dákẹ́ pátápátá, kó o tó fọwọ́ kan káàdì. Mo bẹ̀ ọ́, má fi ìkánjú ṣe é.

Ṣé kí n ra káàdì tó tóbi sí i?

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà 288 lóòjọ́, ìlà 105,120 lọ́dún, tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ lẹ́tà 30, kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 3 lọ. Gígábáìtì 2 tó ọ títí ayé. Èyí tó bá ju 32 lọ, exFAT, ìyẹn ọ̀nà míràn tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí káàdì, ni wọ́n máa ń fi ṣe é, ọ̀pọ̀ logger kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ayédèrú ló yẹ kó o ṣọ́ra fún: wọ́n á kọ 64 sára, 8 ló wà nínú. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni, á sọ òtítọ́ fún ọ lórí Windows.

Ṣé a lè rí àkọsílẹ̀ yẹn gbà padà?

Má fọ́máàtì rẹ̀, má sì dá a padà sínú ẹ̀rọ. Logger náà fúnra rẹ̀, má pa á, má yọ bátìrì rẹ̀, kí aago rẹ̀ má bàa tún sùn: òun la máa fi wá ọjọ́ gidi.

A kọ́kọ́ da gbogbo inú káàdì kọ sórí kọ̀ǹpútà, a wá lo chkdsk, irinṣẹ́ Windows tó ń yẹ àtẹ fáìlì wò, lórí ẹ̀dà náà. Ó kó àwọn ìlà tí kò ní àdírẹ́ẹ̀sì jọ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ FILE0000.CHK. Bí kò ṣe ìwọ̀nba ìlà tó kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ló pé. Láàárín wọn, dígírì gòkè dé 13 ní ọjọ́ kẹsàn-án ọdún 2000 yẹn, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ wo wá nìyẹn gan-an? A wo aago tó wà lójú logger, a wo ti fóònù, a yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, a sì fi ìyàtọ̀ náà kún ìlà yẹn. Ó bọ́ sí aago méjì òru kọjá ogún ìṣẹ́jú, mọ́jú Ọjọ́rú. Àbúrò mi rántí òru náà: iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti jí. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kó àwọn abẹ́rẹ́ náà sọ́tọ̀ nínú òtútù, wọn ò dà wọ́n nù, wọn ò sì fún ọmọ kankan nínú wọn, títí wọ́n fi yẹ àmì ooru tó wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan wò.