Báwo ni wọ́n ṣe ń wó oríta aláfárá tí ọkọ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá?

Ká ní ẹnì kan fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ilé rẹ̀ nígbà òjò, kò sì gbọdọ̀ lé ará ilé kankan síta, kódà fún òru kan. Iṣẹ́ àwọn tó ń tún oríta aláfárá kọ́ láàárín ìgboro nìyẹn. Oríta aláfárá ni mo ń pe ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ méjì ti pàdé, tí ọ̀kan gba orí èkejì, tí àwọn ẹ̀ka ọ̀nà sì so wọ́n pọ̀ kí ọkọ̀ lè bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì láìdúró. Ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nítòsí irú ibẹ̀, tó ń wo kóònù àti katakata, á ti bi ara rẹ̀ ní díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ oríta yìí kí ọkọ̀ má baà dúró. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọkọ̀ ti ń dúró?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ọ̀nà kéré. Ibi tí ọkọ̀ ti ń ré ara wọn kọjá ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wo irú èyí tó ní ẹ̀ka mẹ́rin tó yípo bí etí ìkòkò téèyàn bá wò ó látòkè. Ẹnjiníà kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, Arthur Hale, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí àwòrán rẹ̀ ní 1916, wọ́n sì kọ́ irú rẹ̀ sí Woodbridge ní New Jersey ní 1929. Ọgbọ́n ńlá ni: afárá kan péré, kò sí iná adarí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń yà kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo ibi tí etí kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń wọ ọ̀nà márosẹ̀ ń bọ́ sí i kété ṣáájú ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti fẹ́ jáde. Níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ẹni tó ń wọlé ń sáré kó lè bọ́ sí òsì, ẹni tó ń jáde ń tẹ bíréèkì kó lè bọ́ sí ọ̀tún, àwọn méjèèjì sì ní láti ré ara wọn kọjá lórí ilẹ̀ tí kò gùn rárá. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé tí wọ́n ń gbà jáde, èjìká ń gbá èjìká. Bí ọkọ̀ ò bá pọ̀, kò séwu. Bó bá pọ̀, ẹnì kan á tẹ bíréèkì díẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e á tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá fi máa kan ẹni ogún, onítọ̀hún ti dúró gbagidi.

Ẹ̀ka tó ń jáde lápá òsì náà wà, níbi tí eré ọkọ̀ ti le jù. Oríta Marquette ní Milwaukee, tí wọ́n ṣí ní 1968, ní irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́ láàárín 2004 sí 2008, ó wà lára ohun tí wọ́n wá wọ̀nà láti mú kúrò.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò kàn lè fi ìlà ọkọ̀ kan tàbí méjì kún ọ̀nà náà ni?

Ìdáhùn: Wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ríré ara wọn kọjá ló ń dá ọkọ̀ dúró, ìlà tí ẹ fi kún un á kàn di ìlà mìíràn tí awakọ̀ ní láti ré kọjá ni. Ohun tó ń wo àìsàn náà ni kí ẹ̀ka kan gun orí èkejì, kí ẹni tó ń wọlé má tilẹ̀ fojú kan ẹni tó ń jáde. Ìyẹn gba afárá, afárá gba òpó, òpó sì fẹ́ dúró síbi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lónìí.

Ìbéèrè: Báwo wá ni wọ́n ṣe ń wó o tí ọkọ̀ ṣì ń kọjá?

Ìdáhùn: Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: wọn kì í fọwọ́ kan ibi tí ọkọ̀ ń gbà títí wọn ó fi kọ́ ibi tí ọkọ̀ máa gbà. Ilẹ̀ òfo tó wà nínú àwọn ẹ̀ka tó yípo yẹn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Wọ́n á kọ́ ẹ̀ka tuntun síbẹ̀, wọ́n á darí ọkọ̀ sórí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, èyí tí ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀ á sì di èyí tí wọ́n lè wó. Wọ́n á kọ́ òmíràn síbẹ̀, wọ́n á tún ṣí ọkọ̀ nípò.

Afárá tó gba orí ọ̀nà márosẹ̀ ńkọ́? Ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ní Los Angeles, nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ I-405 lójú, afárá Mulholland Drive wà lókè rẹ̀. Wọ́n wó ìdajì rẹ̀ ní July 2011, ọkọ̀ ń gba ìdajì tó kù. Nígbà tí ìdajì tuntun délẹ̀, wọ́n kó ọkọ̀ lọ sórí rẹ̀, wọ́n sì wó ìdajì àtijọ́ ní September 2012.

Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Àwòrán oríta tó ti parí, èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí pátákó tí ewéko tútù yí i ká, kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán ibi tí ọkọ̀ á máa gbà ní oṣù kẹrin iṣẹ́ ló le. Ti oṣù kẹsàn-án le. Ti oṣù kẹrìnlá le. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ìgbà yẹn, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìhà gbogbo gbọ́dọ̀ níbi tó máa gbà. Àwòrán tó rẹwà tí kò sí bí a ṣe lè ti ibi tí a wà dé ibẹ̀, ẹ kúkú gbé e kọ́ sára ògiri. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé òpó kan kúrò níbi tó yẹ ẹ́ jù lọ, nítorí pé fún oṣù mélòó kan péré, ojú ibẹ̀ ni ọkọ̀ á máa gbà.

Ìbéèrè: Odindi ọdún kan, kóònù nìkan la ń rí. Kí ni wọ́n ń ṣe?

Ìdáhùn: Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà. Páìpù omi, páìpù gáàsì, wáyà iná àti ti tẹlifóònù ló kún abẹ́ oríta ìgboro, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ kúrò lójú ibi tí òpó máa wọlẹ̀ sí. Èyí tó ti pẹ́ nínú wọn kì í sábà wà níbi tí àwòrán ní ó wà. Bí wọ́n bá ti kó wọn kúrò tán, òpó tí ẹ ti ń retí á bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ ọ̀nà kan, wọ́n tún hú u dànù lẹ́yìn ọdún kan. Ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń fi ṣòfò?

Ìdáhùn: Ó jọ ọ́. Àmọ́ birikila máa ń to igi àti pákó yí ilé ká kó tó rẹ́ ẹ, á sì tú u nígbà tó bá ṣe tán, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè igi. Ọ̀nà ìgbà díẹ̀ ló ń gba ọkọ̀ kúrò lórí ibi tí wọ́n fẹ́ wó. Èyí tó yẹ ká máa bínú sí ni ọ̀nà ìgbà díẹ̀ tí kọ́nà rẹ̀ há jù, tí awakọ̀ ò rí títí eré rẹ̀ fi gbé e débẹ̀.

Ìbéèrè: Ìlà kan péré ni wọ́n tì nínú mẹ́ta. Báwo ni ọkọ̀ ṣe tò tó kìlómítà márùn-ún?

Ìdáhùn: Ìṣirò ni. Ìlà kan lórí ọ̀nà márosẹ̀, bí nǹkan bá lọ dáadáa, máa ń gba nǹkan bí ọkọ̀ 2,000 láàárín wákàtí kan. Ìlà mẹ́ta á gba 6,000. Ká ní 5,000 ló ń wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láàárọ̀: gbogbo wọn á kọjá, àyè á tún ṣẹ́ kù. Ẹ wá ti ìlà kan. Ó ku 4,000. Ọkọ̀ 1,000 ò ríbi gbà ní wákàtí àkọ́kọ́, 1,000 mìíràn ní ìkejì. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti àlàfo iwájú rẹ̀ bá gba mítà 8, tí ọkọ̀ 2,000 yẹn sì tò sórí ìlà mẹ́ta, ó ti lé ní kìlómítà 5 nìyẹn.

Èyí tó tún dùn mí jù ni bó ṣe ń pẹ́ kó tó tú. Ká ní àárọ̀ ti kọjá, tí ọkọ̀ tó ń wá sì dín kù sí 3,500. Ọkọ̀ 500 péré ni ìtò náà á fi máa dín kù ní wákàtí kan, á sì gba wákàtí mẹ́rin kó tó tán. Wákàtí méjì ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, mẹ́rin ni ẹ̀ ń fi san án. Mi ò tíì ka ti pé ìlà tó ti dí kì í gba iye ọkọ̀ tó ń gbà kó tó dí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú kan fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 2012, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ àwọn títì tí èrò pọ̀ jù ń sanwó fún àkókò tó bá fi dí wọn. Bí owó bá ti ń jáde lápò agbaṣẹ́ṣe, kóònù tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kò sàn kí wọ́n kúkú tì í pa, kí wọ́n yára ṣe é tán?

Ìdáhùn: Nígbà mìíràn, ó sàn, ibẹ̀ sì ni èmi fì sí. Ohun tó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn jù ni kọnkéré, tí kì í mọ̀ pé ẹnì kan ń kánjú; ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n ti dà á síbòmíràn, kó ti gbẹ, kí wọ́n wá gbé e wá. Ní Medford ní Massachusetts, afárá 14 tó ti gbó lórí ọ̀nà I-93 ni wọ́n pààrọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ 10 péré ní 2011. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ti kúrò lójú ọ̀nà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní Beijing, ní November 2015, wọ́n gbé afárá Sanyuan àtijọ́ kúrò, wọ́n sì gbé tuntun tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,300 sí ipò rẹ̀ láàárín wákàtí 43.

Ti Los Angeles tó wà lókè yẹn lọ́gbọ́n nínú. Kí wọ́n lè wó ìdajì afárá àkọ́kọ́, wọ́n ní láti ti I-405 fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n pariwo rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àwọn èèyàn sọ ọ́ lórúkọ bíi pé ayé fẹ́ parẹ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, títì dá páropáro. Onílé jókòó sílé, wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú dípò àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ajé. Èèyàn lè fara da ọjọ́ méjì tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ọdún méjì ni kò ṣeé jókòó sílé fún.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, níbo ni ọkọ̀ ń lọ?

Ìdáhùn: Àwọn kan gba ibòmíràn, àwọn kan yí àkókò padà, àwọn kan ò jáde mọ́. Minneapolis kọ́ èyí lójijì. Ní August 1, 2007, afárá I-35W tó gba orí odò Mississippi já lulẹ̀, èèyàn 13 kú. Nǹkan bí ọkọ̀ 140,000 ló ń gba orí rẹ̀ lójúmọ́. Kò sẹ́ni tó ráyè múra sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dí àwọn oríta oníná tó wà lójú ọ̀nà 280 kí ọkọ̀ lè máa sáré gba ibẹ̀ láìdúró, wọ́n sì tún ìlà kùn sórí ọ̀nà márosẹ̀ I-94, etí ọ̀nà di ìlà. September 2008 ni afárá tuntun ṣí. Etí ọ̀nà tó dà bí ilẹ̀ òfo yẹn wúlò gan-an nígbà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń gba orí rẹ̀, ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ò níbi tó máa yà sí mọ́, ó wá di dandan kí ọkọ̀ tí ń wọ́ ọkọ̀ wà ní sẹpẹ́ nítòsí.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé oríta kan wà tí ọkọ̀ ti ń bọ́ sí apá òdì?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ó ti wà ní Versailles ní ilẹ̀ Faransé láti àwọn ọdún 1970, Amẹ́ríkà sì ṣí ti àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Springfield, Missouri, ní 2009. Kí ọkọ̀ tó gun afárá, iná á darí rẹ̀ bọ́ sí apá òsì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, á bọ́ padà sí ọ̀tún. Ẹni tó fẹ́ yà sósì láti wọ ọ̀nà márosẹ̀ ti wà ní òsì nígbà náà, kò ní láti dúró de ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé afárá àtijọ́ ṣeé lò: ọ̀dà, iná àti ojú títì díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìlà mi máa parí níwájú. Ṣé kí n tètè bọ́ sí èkejì?

Ìdáhùn: Bí ọkọ̀ bá ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ti dí, rárá: ẹ lo ìlà yín dé òpin, kí ẹ wá wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí eyín síìpù. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Jámánì wí. Ẹ kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tó fi odindi ìlà kan sílẹ̀ lófo ló ń jẹ́ kí ìtò gùn débi tí á fi dí oríta mìíràn lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Nígbà tí wọ́n bá parí, ṣé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á tán?

Ìdáhùn: Níbẹ̀, bóyá. Oríta àtijọ́ ti ń dá ọkọ̀ dúró fún ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ tú u, gbogbo ọkọ̀ yẹn á jọ dé ibi tí ìlà mẹ́rin ti di mẹ́ta ní kìlómítà mélòó kan síwájú, àwọn tó ti ń jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nítorí ìdádúró á sì padà sí aago méje. Bí wọ́n bá gbé àwòrán oríta tuntun wá siwájú yín, ẹ béèrè ibi tí ọ̀nà ti tún máa há lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ọkọ̀ á máa gbà ní oṣù kẹsàn-án iṣẹ́.