"Liberal" kì í ṣe olómìnira, kì í sì í ṣe onígbọ̀jẹ̀gẹ́: afàyègbà ni

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ l'Ọ́jà-Ọba níbí, l'Óṣogbo, ò sùn lóru Sátidé tó kọjá. Ọmọ ẹ̀ rí admission gbà sí yunifásítì kan ní Denton, ní Texas, ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ ẹnìkan nínú ẹbí bèèrè lórí WhatsApp pé irú ìlú wo ni Denton, ẹlòmíì wá dáhùn pé "ìlú onígbọ̀jẹ̀gẹ́ ni, kò dà bí àwọn ìlú Texas tó kù." Onígbọ̀jẹ̀gẹ́! Ẹ sọ fún ìyá pé ọmọ ẹ̀ ń lọ sílùú onígbọ̀jẹ̀gẹ́, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ó rò pé ibi tí ò sófin ni, ibi tọ́mọ á ti bàjẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ló pè mí.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ni yẹn fẹ́ tú ni "liberal", bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú òṣèlú Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú. Ọmọ tá ò bá bá wí la máa ń gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún, ìdájọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹni tó bá lò ó ti bu ìlú náà kó tó júwe ẹ̀.

Àwọn tó sọ pé "olómìnira" ni tún ba nǹkan jẹ́ jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé republic la fi olómìnira túmọ̀, òun la ń kọ síwájú orúkọ Nàìjíríà, tẹ́ ẹ bá tún wá pe liberal ní olómìnira, kí lẹ fẹ́ pe ẹgbẹ́ Republican, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni kì í ṣe liberal? Ẹ ó máa kọ ìròyìn pé olómìnira ń bá olómìnira du ipò gómìnà, ẹni tó ń kà á ò ní mọ ẹni tó wọlé. Àwọn kan ń pè é ní "ọ̀làwọ́", inú díṣọ́nárì ni wọ́n ti lọ mú ìyẹn, wọn ò wo gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn míì ní "ẹgbẹ́ ọwọ́ òsì". Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà? Ẹ ti sọ ọ́ di èébú nìyẹn.

Ti "líbẹ́rà" ńkọ́? Mi ò lòdì sí ká yá ọ̀rọ̀ o. Mò ń sọ bọ́ọ̀sì, mò ń sọ fóònù, mo sì ń sọ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ nǹkan tójú rí nìwọ̀nyẹn, tẹ́ ẹ bá nàka sí bọ́ọ̀sì, ó parí. Èrò ni liberal, èrò ò ṣeé nàka sí, tẹ́ ẹ bá pe líbẹ́rà fún ìyá tó ń ta àdìrẹ, ìró lásán lẹ fún un.

Afàyègbà lèmi ń sọ, mi ò sì ní yéé sọ ọ́. A-fi-àyè-gbà. Onílé tó bá fàyè gba ayálégbé kó máa kọrin nínú ilé ò sọ pé òun náà fẹ́ràn orin, ohun tó sọ ni pé òun ò ní lé e jáde torí ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ liberal: kí òfin má fún ẹni tó ń gbé ayé tiẹ̀ lọ́nà míì lọ́rùn. Ẹ̀yìn ilé wa níbí náà la ti ń lo ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ wo bí mùsùlùmí, kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn Ọ̀ṣun ṣe ń gbé nínú agboolé kan náà títí dé ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Conservative tó jẹ́ òdìkejì ẹ̀, arọ̀mọ́-àṣà ni, ìyẹn ò ní wàhálà. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé liberal Amẹ́ríkà tún kan owó orí àti ìrànlọ́wọ́ ìjọba, pé afàyègbà ò kó ìyẹn mọ́ra. Kò burú, kò sí orúkọ tó ń kó gbogbo ẹrù, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ ò ju báyìí lọ: tí wọ́n bá ní ìlú kan jẹ́ afàyègbà nílẹ̀ arọ̀mọ́-àṣà, wọ́n ń fi í wé nǹkan míì ni. Ọmọ Òṣogbo ìlú aró ni mí, aró náà ni mo fi ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rì aṣọ funfun bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ ọ́, ẹ sá a sátẹ́gùn, àyìnrín ni. Ẹ rì í padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á máa dúdú sí i títí á fi fẹ́ẹ̀ jọ ẹtù. Aró kan náà ni, iye ìgbà tó wọ ìkòkò ló yàtọ̀. Ẹ wá gbé àyìnrín yẹn sáàárín ẹrù àlàárì tó pupa fòò, gbogbo ẹni tó ń kọjá á ní aṣọ aró rèé. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù, wọ́n á ní ó ti ṣá. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá ń fi àwọ̀ sọ ọ́, láti ìdìbò ọdún 2000 ni tẹlifíṣọ̀n wọn ti ń fi pupa kun ìpínlẹ̀ tí Republican bá mú, àwọ̀ aró sì ni ti Democrat, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ afàyègbà wà.

Àlàárì ni Texas. Jimmy Carter lọ́dún 1976 ni Democrat tó mú un kẹ́yìn nínú ìdìbò ààrẹ, láti 1994 sì ni Democrat kankan ò ti wọlé sípò tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń dìbò fún. Àmọ́ ẹ wo àwọn ìlú inú ẹ̀ lọ́dún 2020. Lágbègbè Austin, bíi 71 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló yan Biden ti Democrat, Dallas bíi 65, San Antonio bíi 58, Houston bíi 56. Lágbègbè Fort Worth, ìbò tí ò tó 2,000 ni Biden fi ju Trump ti Republican lọ, Trump sì gbà á padà lọ́dún 2024. Lubbock? Trump mú bíi 65 níbẹ̀ ní 2020, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún 2021, àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò pé káwọn fòfin de oyún ṣíṣẹ́.

Ìbò ààrẹ nìkan ò tó láti fi wọn ìlú o. Ẹ wo Houston: lọ́dún 2009 wọ́n yan Annise Parker ní mayor, obìnrin tí ò fi pamọ́ pé obìnrin bíi tòun lòun ń fẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọlé. Ọ̀pọ̀ á ní ẹtù ni ìlú yẹn nígbà náà. Lọ́dún 2015, Parker yẹn ṣì wà lórí oyè nígbà tí wọ́n gbé òfin tó ní kí wọ́n má fi irú ẹni téèyàn jẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, irú àwọn èèyàn bíi tiẹ̀ náà wà nínú ẹ̀, síwájú àwọn olùdìbò, bíi 61 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní àwọn ò fẹ́. Ìlú kan náà, ọdún mẹ́fà péré! Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé òfin tí ìlú ṣe fúnra ẹ̀ ló ń fi bí aró ṣe mu aṣọ tó hàn.

Denton wá ńkọ́, tó lé oorun lójú ẹ̀gbọ́n mi? Lọ́dún 2014 àwọn ará Denton dìbò pé káwọn iléeṣẹ́ má fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ ìlú àwọn mọ́ láti fi fa gáàsì. Nínú Texas elépo! Kò pé ọdún kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ṣòfin tó fagi lé e. Lọ́dún 2022 wọ́n tún dìbò pé kí ọlọ́pàá má máa mú èèyàn nítorí igbó díẹ̀. Ìyẹn náà bí ìpínlẹ̀ nínú, ó sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ìlú afàyègbà ni Denton, àmọ́ lábẹ́ òfin Texas ló ti ń fàyè gbà, ọ̀rọ̀ pé kò sófin níbẹ̀ ò sì wáyé rárá.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, ó dà bí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rì í." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, láàárín àlàárì. Ó ní kí n kọ afàyègbà yẹn ránṣẹ́ sóun, tàmì-tàmì, òun fẹ́ fi dá ẹni tó kọ onígbọ̀jẹ̀gẹ́ lóhùn.