Àkọ́bí àti Àbíkẹ́yìn Nínú Ìtẹ́ Ẹyẹ

Ẹni tó bá ń sin adìẹ ìbílẹ̀ ní Kàbbà tàbí Ìsánlú mọ̀ pé àgbébọ̀ tó fẹ́ yé ẹyin 12 lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yé e tán. Síbẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ kan náà ni gbogbo òròmọdìẹ ń jáde. Ẹyin kì í bẹ̀rẹ̀ sí í di ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n yé e. Ọjọ́ tí ìyá bá sàba lé e ni. Adìẹ kì í sàba dáadáa títí ẹyin yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, láti ìgbà náà ló wá ń ka ọjọ́ 21 rẹ̀. Ẹtù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ ń tó ọjọ́ 26 sí 28.

Lékeléke tí à ń rí lẹ́yìn màlúù kò ní irú sùúrù yẹn. Bí ẹyin 3 ló sábà máa ń yé, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 2 sáàárín wọn, orí èyí àkọ́kọ́ ló sì ti ń jókòó. Kí ẹ̀kẹta tó jáde, àkọ́bí ti ń jẹun lọ́jọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ ti le. Àwọn tó yẹ ẹyin rẹ̀ wò tún rí i pé họ́móònù akọ, èròjà ara tó lè mú ọmọ ẹyẹ lágbára kó sì máa jà, pọ̀ nínú pupa ẹyin méjì àkọ́kọ́ ju ti ẹ̀kẹta lọ. Bí ìyá ṣe to wọn nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n á máa ṣá àbúrò lórí, wọn á lé e kúrò nídìí oúnjẹ, nígbà mìíràn wọn á tì í já bọ́ sílẹ̀. Bàbá àti ìyá wà níbẹ̀, wọn kì í sábà là á. Lójú ènìyàn, ìkà ni.

Ní 1947, David Lack, onímọ̀ ẹyẹ ní Oxford, ṣàlàyé ohun tó lè fà á. Ẹyẹ tó ń yé ẹyin kò mọ̀ bóyá oúnjẹ yóò pọ̀ nígbà tí ọmọ bá jáde. Bí ó bá pọ̀, gbogbo wọn á yè. Bí ó bá wọ́n, àbíkẹ́yìn á tètè kú, àwọn yòókù á sì yó. Ká ní ọgbọọgba ni wọ́n, ebi ì bá pa gbogbo wọn pọ̀. Òwìwí tó ń fi eku bọ́ ọmọ náà ń ṣe irú rẹ̀: nínú ìtẹ́ kan, ọmọ kan lè ti tóbi tó ìlọ́po èkejì.

Kí ló dé tí lékeléke kò dúró bí adìẹ? Ooru lè wà lára ohun tó fà á, ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní ilẹ̀ Okun kò sì nílò àlàyé. Bí ẹyin tí a kò sàba lé bá gbóná díẹ̀, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lọ́nà tí kò tọ́, á sì kú. Ìdí nìyẹn tí ẹyin tó bá ti ju ọjọ́ 7 lọ kó tó rí ẹni sàba lé e kì í fi bẹ́ẹ̀ di ọmọ mọ́. Nítorí náà, lábẹ́ adìẹ, ẹyin àkọ́kọ́ ni ewu wà fún. Lábẹ́ lékeléke, ti ìkẹyìn ni. Ní ti họ́móònù akọ, ẹyẹ kékeré olórin tí wọ́n ń pè ní canary tiẹ̀ ń yí ètò lékeléke padà: ní 1993, onímọ̀ ẹyẹ Hubert Schwabl rí i pé họ́móònù yẹn ń pọ̀ sí i bí ẹyin ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, bí ẹni pé ìyá ń fi gba àbíkẹ́yìn sílẹ̀.

Ṣé àbúrò tí wọ́n fìyà jẹ lè di òbí gidi? Ní erékùṣù Isla Isabel ní Mẹ́síkò, ẹyẹ òkun kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù, ẹyin 2 ló sábà máa ń yé. Àkọ́bí á máa ṣá èkejì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Onímọ̀ ẹyẹ Hugh Drummond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò rí i pé àwọn àbúrò tó dàgbà ń yára kú tàbí pé bíbí wọn kéré sí ti ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ àwọn tó fò kúrò nínú ìtẹ́ nìkan ni wọ́n lè kà. Àwọn tí ìyà náà pa kò sí nínú ìṣirò yẹn.