Bí Òjò Bá Ti Fọ Òkè, Ìsọ̀kalẹ̀ Ni Kí Ẹ Bẹ̀rù

Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, ìbéèrè kan náà ni àwọn tí mo ń mú gun òkè ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè gùn ún lónìí?" Wọ́n á gbójú sókè sí òkè Olósùnta, wọ́n á máa wo bó ṣe ga tó. Èmi kì í wo gíga rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Òkúta akọ ni púpọ̀ nínú àwọn òkè wa. Tó bá gbẹ, bàtà onírọ́bà tí ìdí rẹ̀ kò tíì jẹ máa ń dì í mú dáadáa. Àmọ́ ẹ ó rí àwọn ilà dúdú gbọọrọ tó ti orí òkè wálẹ̀. Ojú ọ̀nà omi nìyẹn. Nǹkan wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló hù síbẹ̀ tó sọ ọ́ di dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kí òjò tó kàn án tán, ó ti ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ibi tó mọ́ díẹ̀, tó ń ha ọwọ́ bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo ti rí tó ṣubú, ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó ti rẹ ẹsẹ̀, ọkàn ti lọ sílé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n, ni wọ́n bá fi ara sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Ìwúwo ara á kúrò lórí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ, kí àyà yín wà lókè ẹsẹ̀ yín gan-an. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kékeré. Níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́ jù, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tàbí kí ẹ jókòó kí ẹ máa fi ìdí wọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ẹ má di koríko orí àpáta mú. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi sì ti wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹní ló máa ká wá sọ́wọ́ yín.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń gbéra, torí ọ̀sán, nígbà tí ooru bá ti pọ̀, ni òjò alárá sábà máa ń gbára jọ. Àbúrò mi kan tó wà ní Kánádà bi mí nípa òkè oníyìnyín tí wọ́n fẹ́ gùn nígbà tí yìnyín ń yọ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: òtútù òru máa ń mú yìnyín le láàárọ̀, ó ṣeé tẹ̀. Bí oòrùn bá ti pa á, ẹsẹ̀ á rì dé itan, omi á sì máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kó má wọ ẹ̀wù òwú, torí bó bá ti rin, kì í tètè gbẹ, ó sì máa ń fa ooru kúrò lára. Bí ooru ara bá ti lọ sílẹ̀ ju 35°C lọ, ewu ńlá ni.

Ní ti àrá, bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta tí ẹ bá kà kí àrá tó sán jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan sí ibi tí mànàmáná ti kọ. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ẹ kúrò lórí òkè, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró tàbí sí ẹnu ihò àpáta. Ó di ìgbà tí 30 ìṣẹ́jú bá kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó padà.

Àwọn kan wá láti Èkó lóṣù kẹfà. Ìdajì òkè ni mo ti dá wọn padà nígbà tí mo rí i pé ilà dúdú ti ń dán. Inú bí wọn gan-an. Mo dá owó wọn padà, mo ní kí wọ́n wá lóṣù kejìlá. Wọ́n wá, òkúta gbẹ, a sì gùn ún dé orí.