Kí Ọfà Atẹ́gùn Yín Má Baà Kọjú Síbi Tí Kò Yẹ

Ní gbogbo àsìkò ọyẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá bá mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà: wọ́n ti kó dátà atẹ́gùn wọn láti inú fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́mà pín òpó rẹ̀) wọ ParaView, sọ́fítíwíà tó ń sọ dátà di àwòrán, ṣùgbọ́n ọfà kankan kò yọ, tàbí kí ọfà yọ kí gbogbo rẹ̀ sì kọjú síbi tí atẹ́gùn kò fẹ́ lọ rárá. Bí a ṣe ń ṣí fáìlì, bí a ṣe ń tẹ Table To Points, tí a sì ń yan òpó tí yóò dúró fún X, Y àti Z, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn, nítorí kedere ló wà lójú ẹ̀rọ. Ohun tó ń kó wọn sí wàhálà wà níwájú.

Fáìlì ọ̀rọ̀ kò mọ ohun tí à ń pè ní fẹ́kítọ̀, ìyẹn ohun tó ní ìwọ̀n àti ìhà pa pọ̀. Nígbà tí ParaView bá ka òpó u, v àti w (ìyára atẹ́gùn síhà ìlà-oòrùn, síhà àríwá àti sókè) tán, nọ́ńbà mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan ni ó kà wọ́n sí. Àárò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti to àárò náà kí a tó gbé ìkòkò lé e. Inú Calculator, irinṣẹ́ ìṣirò ParaView, ni ẹ ti máa tò ó: ẹ kọ u*iHat + v*jHat + w*kHat, kí ẹ sì fún èsì rẹ̀ lórúkọ. Bí ẹ kò bá ní w, ẹ fi òdo sípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó lọ sí Glyph, irinṣẹ́ tó ń ya ọfà, kí ẹ yan orúkọ yẹn ní Orientation Array.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn sábà máa ń kọ ìyára àti ìhà sílẹ̀, kì í ṣe u àti v. Ìhà tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ sì ń kọ ni ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Láti àríwá ni wọ́n ti ń ka díkírì rẹ̀, wọ́n á gba ìlà-oòrùn yí i po dé 360. Láti rí u, ẹ fi sáìnì ìhà sọ ìyára di púpọ̀, kí ẹ sì fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀. Kósáìnì ni ti v, pẹ̀lú àmì àyọkúrò kan náà. Ẹ wo ọyẹ́, tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, tó ń gba apá Iléṣà wọ Ifẹ̀, tó sì ń forí lé apá Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ìhà rẹ̀ bá jẹ́ díkírì 45, tí ìyára rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, u àti v yóò jẹ́ -2.83 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yẹn ti sọ ọyẹ́ di atẹ́gùn òjò tó ń gbé ọ̀rinrin òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, sọ́fítíwíà kò sì ní bá a jiyàn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé rédíánì, kì í ṣe díkírì, ni Calculator àti Excel ń lò fún sáìnì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi 3.1416 sọ díkírì di púpọ̀, kí ẹ sì fi 180 pín in. Ẹ má sì ṣe wá ìpíndọ́gba ìhà láéláé! Atẹ́gùn tó wá láti 350 àti èyí tó wá láti 10, apá àríwá ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 180, èyí tí í ṣe gúúsù pọ́nńbélé. U àti v ni kí ẹ wá ìpíndọ́gba wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé -9999 ló wà nínú fáìlì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ nọ́ńbà yẹn síbi tí wọn kò ti rí nǹkan wọ̀n. ParaView á kà á sí ìyára, ọfà kan ṣoṣo á sì bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ìyá kan tilẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ nítorí pé ó gbà pé ayé ló dí iṣẹ́ ọmọ òun lọ́wọ́. Mo fi ìlà tí nọ́ńbà náà wà hàn wọ́n, mo fi Threshold, irinṣẹ́ tó ń ṣẹ́ nọ́ńbà tí a kò fẹ́ kúrò nínú dátà, yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni kò parí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó gbé wá dára lójú ju bó ṣe yẹ lọ: ìyára atẹ́gùn ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun ìlú kan dé ìkejì, láìsí ibì kan tó ti yẹsẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní ọ̀gá kan ló bá òun tò ó nínú Excel kó lè mọ́ lójú. Òpó ìyára nìkan ni ọkùnrin náà yàn, ó tò ó láti kékeré dé ńlá, ó sì fi pamọ́ lé ojúlówó fáìlì lórí. Bí ìyára kọ̀ọ̀kan ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti wá, wákàtí tó fẹ́, àti ìhà tirẹ̀ nìyẹn. A padà sídìí ẹ̀rọ tó wọn atẹ́gùn náà, ṣùgbọ́n ó ti kọ dátà tuntun lé èyí tó wà nínú rẹ̀ lórí. Kò sí sọ́fítíwíà kankan láyé tó lè mọ ìyára tó ni ìhà wo mọ́. Títí di ọyẹ́ ọdún kejì ni ọmọ náà fi dúró kó tó tún un wọ̀n.

Láti ìgbà náà ni n kì í ti í gba fáìlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi tó bá mú èyí tó jáde látinú ẹ̀rọ gan-an dání, tí ọwọ́ kankan kò tíì kàn, kí n lè fi ìlà wé ìlà kí n tó ṣí ParaView.