Bí Ọkọ̀ Ojú Irin Oníbùsùn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́ láti Vienna lọ sí Hamburg, kó yẹ nọ́ńbà kóòṣì rẹ̀ wò dáadáa kó tó máa wá bẹ́ẹ̀dì. Lóru, nígbà tí oorun bá ti gbé èrò lọ, ọkọ̀ náà á dúró ní Nuremberg, wọ́n á sì mú un pàdé òmíràn tó ti Innsbruck wá. Wọ́n á já àwọn kóòṣì kan kúrò lára èyí, wọ́n á so wọ́n mọ́ ìyẹn. Ọ̀kan á forí lé Hamburg, èkejì á forí lé Amsterdam. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò ní rí nǹkan kan. Á kàn gbọ́ “gbàà” lẹ́ẹ̀kan, ife omi á mì, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lọ gbáà, ọkọ̀ á tún máa rọra fà bí ẹni pé ibi tó ti wá ló ń padà sí. Ẹni tó bá sùn sí kóòṣì tí kì í ṣe tirẹ̀, ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò jí sí.

Jíjá àti síso yẹn ni gbòǹgbò ìtàn yìí. Bẹ́ẹ̀dì ni àwọn èèyàn sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ò ṣòroó ṣe. Kí ọdún 1840 tó dé, àwọn ará Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ti ń to pákó ibùsùn sínú rélùwéè. Ẹni tó wá sọ ọ́ di òwò ńlá ni George Pullman, tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1867. Lójú ọ̀sán, àga ni. Bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fa àga méjì pọ̀ di ibùsùn ìsàlẹ̀, wọ́n á sì já èyí tó wà lókè sílẹ̀ láti ara àjà. Kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín ẹni tó sùn àti ẹni tó ń kọjá.

Àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn ọ̀hún, tó ń gbé ẹrù, tó ń dan bàtà èrò mọ́jú, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́ sì jẹ́ ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Èrò kì í béèrè orúkọ wọn. “George” ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, àfi bí ẹni pé Pullman ló bí wọn. Ní 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, A. Philip Randolph ṣe olórí, ó sì di 1937 kí ilé iṣẹ́ Pullman tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tiwọn tó ìtàn lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sójú irin.

Ní nǹkan bí ọdún 1867 sí 1868, ọ̀dọ́kùnrin ará Bẹ́ljíọ̀m kan ń rìn kiri Amẹ́ríkà. Georges Nagelmackers lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìdílé oníbáńkì láti ìlú Liège, ẹni ọdún 22. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló gbé e kúrò nílé: ó dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ìyẹn ò gbà fún un, ni àwọn ẹbí bá ní kó lọ fi ìrìn àjò pa ìrònú rẹ́. Nínú rélùwéè Pullman ló ti rí ohun tó gbé ìrònú náà kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wọn wù ú. Kọ́tìnì ni kò wù ú, nítorí ó mọ̀ pé ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù kan ò ní gbà kí àlejò máa gbọ́ bí òun ṣe ń hanrun.

Ìṣòro tó ju kọ́tìnì lọ tún wà. Amẹ́ríkà tóbi, èèyàn lè rìn ní ọjọ́ méjì kó má tíì kan bọ́dà. Ní Yúróòpù, wákàtí díẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ rélùwéè kọ̀ọ̀kan ló ni irin tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kódà aago tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí agbára onílé mọ, èrò á sọ̀kalẹ̀ tẹrù tẹrù láàárín òru, nínú òtútù, yóò lọ wọ ti ẹlòmíràn.

Ohun tí Nagelmackers gbé lọ bá àwọn onírélùwéè wọ̀nyí rọrùn létí. Òun ò ní irin, òun ò ní ẹ́ńjìnnì. Kóòṣì lòun fẹ́ ní. Kí ẹ́ńjìnnì yín fà á dé bọ́dà, kí ti aládùúgbò yín gbà á níbẹ̀. Èrò á san owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀yin, á wá san owó ibùsùn fún èmi. Ọkọ̀ ò ní ṣófo mọ́, ẹ̀yin ò sì ní ná kọ́bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ èrò náà jáde ní 1870. Ọdún yẹn gan-an ni Faransé àti Prussia gbéná wojú ara wọn, ta ló tún ń ráyè bẹ́ẹ̀dì?

Ogun parí, ó tún gbé e dìde ní 1872. Owó ò tó o. Ó lọ dòwò pọ̀ pẹ̀lú ará Amẹ́ríkà kan, Colonel William d'Alton Mann, tó ti ń kan kóòṣì oníyàrá, yàrá tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ilẹ̀kùn yẹn ló bá àwọn ará Yúróòpù lára mu. Nígbà tó di 4 oṣù Kejìlá ọdún 1876, Mann ti gba owó rẹ̀ jáde, Nagelmackers sì dá ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Compagnie Internationale des Wagons-Lits sílẹ̀ ní Brussels. Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀m, wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ọba yẹn sì ṣí ilẹ̀kùn ààfin àti ọ́fíìsì fún un káàkiri. Leopold yìí náà ló fojú àwọn ará Kóńgò rí màbo lẹ́yìn ìgbà náà. Ó dùn ún gbọ́, kò dùn ún gbọ́, inú ìtàn ló wà.

Àwọn kóòṣì àkọ́kọ́ kúrú, wọ́n sì máa ń jọ èrò bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Àyípadà dé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn tó gùn, tí wọ́n gbé orí àti ìdí rẹ̀ lé àkójọ táyà irin tó lè yí fúnra rẹ̀ bí ojú irin bá kọrọ. Irú ìyẹn ló gbéra ní Paris ní alẹ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1883, pẹ̀lú nǹkan bí 40 èrò, oníròyìn wà nínú wọn. Orient Express nìyẹn. Kóòṣì ibùsùn méjì, ọ̀kan fún oúnjẹ, àti èyí tí wọ́n kó ẹrù sí. Ní Hungary, àwọn onílù àti olókùn ẹ̀yà Roma gòkè wá ṣeré fún wọn. Ní Romania, wọ́n dúró kí ọba Carol ní ààfin rẹ̀ tuntun ní Sinaia. Ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀hún ò dé Constantinople tí wọ́n ń lọ, ìyẹn Istanbul òde òní! Ní Giurgiu, gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n wọkọ̀ ojú omi sọdá odò Danube, wọ́n wọ rélùwéè mìíràn dé Varna, wọ́n tún wọkọ̀ ojú omi láti ibẹ̀. Ó di 1889 kí èèyàn tó lè wọlé ní Paris kó má sọ̀kalẹ̀ títí dé ìlú àwọn ará Tọ́kì. Nagelmackers wá kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀ fún èrò rẹ̀, Pera Palace, ó ṣì wà ní Istanbul títí dòní.

Nínú kóòṣì kọ̀ọ̀kan, ẹni kan ló wà nídìí gbogbo nǹkan: kọ́ńdọ́kítọ̀. Òun ló ń yí àga di bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń jí èrò, lórí ìjókòó kékeré ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ ti ń tòògbé. Òun náà ló ń gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo èrò lálẹ́, tó ń fi hàn àwọn aṣọ́bodè lóru kí ẹnikẹ́ni má baà jí. Èmi tí mo ti jókòó wákàtí mẹ́rin de físà Schengen rí, ibẹ̀ ni ìlara ti mú mi jù.

Nagelmackers kú ní 1905. Àdéhùn tó bá àwọn onírélùwéè ṣe ló gbé ilé iṣẹ́ náà ró, àdéhùn náà ni ogun àgbáyé kìíní sì kọ́kọ́ dà rú. Jámánì dá ilé iṣẹ́ oníbùsùn tirẹ̀, Mitropa, sílẹ̀ ní 1916 láti gba òwò náà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ogun parí ní 1918, inú kóòṣì oúnjẹ Wagons-Lits kan, nọ́ńbà 2419, ni Jámánì ti tọwọ́ bọ̀wé ìdáwọ́ ogun dúró nínú igbó Compiègne ní Faransé. Hitler ní kí wọ́n lọ gbé kóòṣì kan náà jáde ní 1940, kí Faransé náà jókòó síbẹ̀ tọwọ́ bọ ti wọn.

Aláfẹ́ ló kún inú ọkọ̀ oníbùsùn láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Kóòṣì onírin aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n kàn ní Leeds ní England, rọ́pò onígi ní 1922, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń fi í sá fún òtútù lọ sí etíkun Faransé. Láti 1936 títí di 1980, àwọn ará London lè wọ bẹ́ẹ̀dì ní ibùdókọ̀ Victoria kí wọ́n jí ní Paris. Ní Dover tó wà létíkun, wọ́n á ti kóòṣì sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀ kí ìgbì má baà gbé e ṣubú. Ṣéènì irin nìyẹn o, lábẹ́ ẹni tó sanwó láti sùn.

Mẹ̀kúnnù wá dé inú rẹ̀ nípa ibùsùn mẹ́fà nínú yàrá kan, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, àkàbà láàárín. Ní 1972, àwọn onírélùwéè gbé tíkẹ́ẹ̀tì Interrail jáde: ọ̀dọ́ tí kò bá ju ọdún 21 lọ lè fi oṣù kan rìn ní orílẹ̀-èdè 21. Ọmọ iléèwé tí owó rẹ̀ ò ká hòtẹ́ẹ̀lì rí i kíá pé tóun bá ń sùn nínú rélùwéè, òun ò ní sanwó ilé, ìlú tuntun ni yóò sì máa mọ́ òun. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lo ìsinmi wọn ní Yúróòpù nìyẹn. Ìgbádùn rẹ̀ ní ìwọ̀n ṣá. Mo ti sùn sórí èyí tó ga jù rí. Àwọn márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ bọ́ bàtà, gbogbo ohun tó jáde nínú bàtà wọn ló gòkè wá bá mi.

Ohun tó sì pa á lára, owó ni. Kóòṣì alága lè gbé èrò lọ gbé èrò bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ kan. Oníbùsùn, ẹ̀ẹ̀kan lóru, èrò inú rẹ̀ ò sì pọ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tún ń gba owó ojú irin. Rélùwéè asáré bíi TGV ti Faransé dé ní 1981, bàálù olówó pọ́ọ́kú tẹ̀ lé e. Orient Express tó ń lọ tààrà láti Paris dé Istanbul parí ní 1977, orúkọ náà sì kúrò nínú ìwé àkókò rélùwéè ní 2009. Ti àwọn olówó tó ń lo kóòṣì àtijọ́ láti 1982, afẹ́ ni, kì í ṣe ìrìnnà. Ní oṣù Kejìlá 2016, Jámánì pa ọkọ̀ alẹ́ tirẹ̀ tì pátápátá. Àwọn ará Austria ra lára àwọn kóòṣì ọ̀hún, wọ́n kọ Nightjet sí i lára, èrò kún inú rẹ̀.

Síbẹ̀ àdéhùn ò tíì yé já. Nightjet tó ń ti Paris lọ Berlin padà sójú irin ní oṣù Kejìlá 2023; ọdún méjì lẹ́yìn náà ló dúró, torí Faransé dẹ́kun owó ìrànwọ́. European Sleeper ló jáde pé òun á gba ọ̀nà náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n, owó táṣẹ́rẹ́ táṣẹ́rẹ́ tí àwọn èèyàn dá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023. Wọn ò ní irin. Ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń háyà ni. Kóòṣì, àtijọ́ ni wọ́n ń háyà. Brussels sì ni ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ ti gbéra.